Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gìtá, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń tu owó jọ láti ra gìtá oníná, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè irú pickup tó wà lára ẹ̀. Ọrùn tí ọwọ́ wọn máa dì mú lójoojúmọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ti dorí kodò.

Òótọ́ ni pé pickup ṣe pàtàkì. Single-coil, irú tó wà lára Stratocaster tí Fender gbé jáde lọ́dún 1954, ohùn ẹ̀ mọ́ gaara, ó sì bá jùjú lọ dáadáa. Àmọ́ ó máa ń kùn bí oyin níbi tí iná ò bá ti dáa. Humbucker, tí Gibson fi sára Les Paul lọ́dún 1957, wáyà wíwé méjì ló ní, èkejì ń pa ariwo èkíní. Ohùn tiẹ̀ nípọn.

Ṣùgbọ́n pickup ṣe é pààrọ̀. Ọrùn ńkọ́? Ti Les Paul, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra pa ni. Ti Stratocaster ṣe é tú, àmọ́ owó ọrùn tuntun kì í ṣe kékeré. Okùn Stratocaster gùn tó ínǹṣì 25.5, ti Les Paul ò ju nǹkan bíi 24.75 lọ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọ ìka lọ́rùn láti tẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì fi sí iná. Ẹ jókòó, ẹ tẹ kọ́ọ̀dù tó le jù tẹ́ ẹ mọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Tí ọrùn ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ gbé e kalẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Gìtá tó ń ni ọwọ́ lára, ara ògiri ló máa ń gbé.