Ẹ̀rọ Ìfa-Eruku Olówó Gọbọi: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Torí Ìlera Náwó Lé E Lórí?

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti apá àríwá, kò sí ilé tí eruku kì í wọ̀. A óò nu orí tábìlì tán ní àárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán eruku mìíràn yóò ti bò ó. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wàhálà títún ilé ṣe lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ẹni tó ní àrùn ikọ́ fée, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ásímà, bá ń gbé, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kò yẹ kó yani lẹ́nu nígbà náà pé òbí tí ọmọ rẹ̀ kì í lè mí dáadáa lóru yóò tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun ní ẹ̀rọ tí yóò gba gbogbo eruku kúrò nílé.

Ẹ̀rọ ìfa-eruku, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní fákúùmù, ni à ń wí. Òmíràn wà tí owó rẹ̀ kò ga, òmíràn sì wà tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ti èkíní. Àwọn tó ń ta èyí tó wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ìlera polówó rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: ǹjẹ́ ìlera ni owó gọbọi náà ń rà, àbí nǹkan mìíràn?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 262 ni ó ní àrùn ikọ́ fée káàkiri ayé, ó sì fa ikú àwọn tí iye wọn tó 455,000. Orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, tí oògùn kò sì tó, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ikú náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Aláìsàn ikọ́ fée ló ṣe é

Ní ọdún 1901, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Hubert Cecil Booth ṣe ẹ̀rọ ńlá kan tí ń fa eruku. Ẹ̀rọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹṣin ní ń fà á kiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ìta ni wọn yóò gbé e sí, wọn yóò sì ti ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọnú ilé.

Ẹni tó ṣe irú èyí tí ènìyàn kan lè máa dá tì kiri ni James Murray Spangler, ará ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Atún-ilé-ìtajà-ṣe ni, ó sì ní àrùn ikọ́ fée. Ó ṣàkíyèsí pé eruku tí ohun èlò tí òun fi ń gbá rọ́ọ̀gì ń tú sókè ló ń mú kí òun máa húkọ́. Ní ọdún 1907, ó mú ẹ́ńjìnnì fáànù, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó sì so wọ́n pọ̀ di ẹ̀rọ kan. Ó gba ìwé àṣẹ ẹni-tó-ṣe-é ní ọdún 1908. Ìdílé Hoover ra àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ wọn ni ayé sì wá mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà.

Ìtàn yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ èémí ti wà nínú ẹ̀rọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì tún jẹ́ kí a rí ibi tí ìṣòro wà: ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó eruku sí ṣe pàtàkì tó agbára tí ó fi ń fà á.

Kí ni owó gọbọi náà ń rà?

Atẹ́gùn tí ẹ̀rọ bá fà wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Bí atẹ́gùn náà ti ń jáde, asẹ́ inú ẹ̀rọ ni ó yẹ kó dá eruku dúró. Bí asẹ́ náà kò bá dára, eruku tó rí gbàǹgbà yóò dúró sínú àpò, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná yóò gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ jáde padà sínú yàrá. Èyí tó kúnná yìí ló sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ilẹ̀ yóò mọ́ lójú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú yàrá yóò burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ń gbọ́ orúkọ asẹ́ tí wọ́n ń pè ní HEPA. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, asẹ́ HEPA gbọ́dọ̀ mú ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún ẹyọ eruku tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.3 máíkírọ̀n. Máíkírọ̀n kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹyọ eruku 10,000 bá wọlé, mẹ́ta péré ni ó lè yọ́ jáde. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, H13 ni orúkọ asẹ́ tó sún mọ́ èyí.

Níbí ni ó ti yẹ kí oníbàárà la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sára páálí pé asẹ́ àwọn “jọ” HEPA. Èyí tó jọ ọ́ kì í ṣe òun. Bákan náà, asẹ́ tó dára nínú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ kò dí dáadáa dà bí ilẹ̀kùn irin lára ilé tí kò ní ògiri: eruku yóò gba ojú àlàfo jáde láìdé ibi tí asẹ́ wà. Ìdí tí a fi di gbogbo ara ẹ̀rọ pa yìí wà lára ohun tí owó gọbọi sábà máa ń rà ní tòótọ́. Àwọn yòókù ni ẹ́ńjìnnì tó ń pẹ́, ariwo tó mọ níwọ̀n, bátìrì tí kì í jẹ́ kí a fa wáyà kiri, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Wáàtì tó pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ dára. Wáàtì ń sọ iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, kò sọ iye eruku tí ó ń fà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣòfin ní ọdún 2014 pé ẹ̀rọ ìfa-eruku kò gbọdọ̀ ju wáàtì 1,600 lọ, tí wọ́n sì dín in kù sí 900 ní ọdún 2017. Àwọn ilé-iṣẹ́ tún ẹ̀rọ wọn ṣe, ilé àwọn ará ibẹ̀ kò sì tìtorí èyí dọ̀tí.

Ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe

Nínú eruku ilé ni àwọn kòkòrò kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Àwọ̀ ara wa tó ń bọ́ sílẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Inú tìmùtìmù, ìrọ̀rí, àga onífóòmù àti rọ́ọ̀gì ni ibùgbé wọn. Ìgbẹ́ wọn ni ó máa ń dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn ibi tó móoru tí ó sì ní ọ̀rinrin, èyí tó jẹ́ pé ilẹ̀ gúúsù Nàìjíríà bá wọn lára mu.

Ẹ̀rọ ìfa-eruku lè kó ìgbẹ́ kòkòrò wọ̀nyí kúrò lójú rọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n kòkòrò tó wà láàyè máa ń fi ẹsẹ̀ di fọ́nrán òwú mú ṣinṣin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bá ẹ̀rọ lọ, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà wọ́n tó.

Ní ọdún 2008, àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó àbájáde ìwádìí ìṣègùn jọ kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò, ṣe àyẹ̀wò ìwádìí 54 lórí onírúurú ọ̀nà tí a ń gbà dín kòkòrò yìí kù nínú ilé àwọn tó ní ikọ́ fée. Wọn kò rí ẹ̀rí pé àwọn ọ̀nà náà mú ara àwọn aláìsàn yá. Ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée tí wọ́n tún ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 náà kò gbé ọ̀nà kan ṣoṣo lárugẹ lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ara rẹ̀ kọ ohun kan lè lo ọ̀nà púpọ̀ pa pọ̀ láti yẹra fún un.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìmọ́tótó kò wúlò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀rọ kan, olówó ńlá tàbí olówó kékeré, tí a lè rà bí ẹni ra oògùn ikọ́ fée.

Ilé tiwa àti iná tiwa

Ilé ìdáná àti yàrá àwọn òyìnbó tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún yàtọ̀ sí tiwa. Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n fi rọ́ọ̀gì bo láti ògiri dé ògiri, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbá a mọ́ láìsí ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ wa, táìlì tàbí sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Aṣọ tútù tàbí mọ́ọ̀pù tí a fi omi rin yóò mú eruku orí táìlì láìtú u sókè. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé nípa máíkírọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni: eruku tó bá tutù kì í fò.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sàn ju ti aládùúgbò lọ kò tó kílówáàtì kan, kò sì lè gbé ẹ̀rọ oníwáàtì 1,400. Ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé kí ó lè fa eruku ti fi èéfín rọ́pò eruku; èéfín náà sì wà lára ohun tí ń ta ikọ́ fée jí, yàtọ̀ sí pé ó lè pa ènìyàn.

Bí ẹ bá ní ẹbí lókè òkun tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n iná rẹ̀. Ti Bìrìtéènì bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ń lo fóòtì 120, yóò sì jó bí a bá kì í bọ iná wa láìsí ohun tí ń dín agbára iná kù.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ olówó gọbọi máa ń sọ pé ó ń pẹ́. Òtítọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan jẹ́ ₦600,000, tí ó sì lo ọdún 10: ₦60,000 ni ti ọdún kan. Ká ní òmíràn jẹ́ ₦150,000, tí ó lo ọdún mẹ́ta: ₦50,000 ni ti ọdún kan. Pípẹ́ nìkan kò tíì sọ èkíní di ọ̀pọ̀. Ẹ tún fi owó asẹ́ tuntun, owó àpò àti owó bátìrì kún un. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè ibi tí a ti lè rí àwọn nǹkan wọ̀nyí rà ní ìlú yín, nítorí asẹ́ tó ti dí tí a kò rí òmíràn fi rọ́pò ti sọ ẹ̀rọ náà di ẹrù.

Ẹ ronú sí irú àpò rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó ń lo àpò tí a ń jù nù dára fún ilé aláìsàn, nítorí eruku kò ní fò nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Èyí tí kò ní àpò kò ní ìnáwó yìí, ṣùgbọ́n ìta ni kí a ti dà á nù, kí ẹni tó ń dà á sì bo imú àti ẹnu rẹ̀.

Ta ni ó yẹ kó rà á?

Ilé tó bá ní rọ́ọ̀gì púpọ̀ tí kò ṣe é ká kúrò, tí aláìsàn ikọ́ fée sì wà nínú rẹ̀, lè jàǹfààní ẹ̀rọ tó ní ojúlówó asẹ́ HEPA àti ara tó dí pa. Kò di dandan kí ó jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ. A lè rí àwọn nǹkan méjì yìí lára ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ wà láàárín méjì. Kí aláìsàn náà má sì wà nínú yàrá nígbà tí a bá ń lò ó, títí eruku yóò fi rọlẹ̀.

Fún àwọn yòókù, ohun tí kò náni lówó púpọ̀ ni ó yẹ kó ṣíwájú. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò ní yàrá tí aláìsàn ń sùn. Ẹ máa fi omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì fọ aṣọ ìbùsùn àti aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ máa sá tìmùtìmù sóòrùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aáyán rí oúnjẹ jẹ nílé, nítorí ìyàgbẹ́ rẹ̀ náà ń ta ikọ́ fée jí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ilé.

Lékè gbogbo rẹ̀, oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Oògùn tí a ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró láti ẹnu, èyí tí ń dènà wíwú ọ̀nà atẹ́gùn, ni ẹ̀rí fi hàn pé ó ń dín ìkọlù ikọ́ fée kù, tí ó sì ń gba ẹ̀mí là. Dókítà ni yóò sọ irú rẹ̀ àti bí a óò ṣe máa lò ó. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Òbí tó bá tìtorí àtira ẹ̀rọ tó ń dán jẹ́ kí oògùn ọmọ rẹ̀ tán nílé ti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Nígbà tí oògùn bá wà nílé, tí yàrá ọmọ sì mọ́, bí owó bá ṣì kù lápò, ẹ lè wá máa wo ẹ̀rọ nígbà náà.