Kernel Kì í Ṣe Aríran

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Prof, ẹ gbà mí o. Ètò tí mo kọ fún ilé ìwòsàn wa kì í parí mọ́jú. Epo jẹnẹrétọ̀ á tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Ó ti fẹ́ yáwó ra dísìkì tuntun. Mo ní kó dúró ná, torí mo fura pé ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Lójú pátákó, àpótí kan ni mo máa ń yà tí mo ń pè ní dísìkì, bí ẹni pé gbogbo inú rẹ̀ súnmọ́ wa bákan náà.

Ẹ gbọ́ bí Linux ṣe ń ṣe é. Bí ẹ bá ní kó ka báìtì kan ṣoṣo, ojú ewé kan gbáko ló máa gbé, báìtì 4,096 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mórì kó má bàa tún padà sídìí dísìkì. Bó bá wá rí i pé ẹ ń kà á tẹ̀léra, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun tí ẹ kò tíì bèèrè sílẹ̀ dè yín: díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà púpọ̀ sí i, títí dé KB 128 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Ẹ sáà mọ ìyá olóúnjẹ tó ti ń bu àmàlà kejì kí oníbàárà tó jẹ ti àkọ́kọ́ tán.

Àkọsílẹ̀ 1,500,000 ni ọmọ mi yìí ní, ìkọ̀ọ̀kan tó KB 8, lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ GB 4 péré. Bí àwọn aláìsàn ṣe forúkọ sílẹ̀ ni fáìlì náà ṣe tò. A-b-d orúkọ ni ètò rẹ̀ fi ń wá wọn. Ó ń fò síwájú, ó ń fò sẹ́yìn. Kí ni kernel fẹ́ gbé dè é? Dísìkì tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń lo bíi mílísẹ́kọ́ńdì 8 láti yípo lẹ́ẹ̀kan, orí tó ń kà á sì tún gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 12 fún fífò kan. Wákàtí márùn-ún nìyẹn! Bí ẹ bá ka fáìlì kan náà láti òkè délẹ̀, ní MB 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú méjì ni.

Mo ní kó yé fi orúkọ wá wọn. Kó kà á tẹ̀léra, kó kó èsì jọ, kó wá to èsì lẹ́yìn. Kó tún fi posix_fadvise bá kernel sọ̀rọ̀: POSIX_FADV_SEQUENTIAL á sọ ohun tí Linux ń gbé dè é di ìlọ́po méjì. Bí fífò bá di dandan fún yín, RANDOM ni kẹ́ ẹ lò, kó má lọ gbé ẹrù tí ẹ ò nílò. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SSD, tiyín ò le tó báyìí, kì í yí.)

Ó pè mí padà lọ́jọ́ kejì. Ètò náà ti parí kí jẹnẹrétọ̀ tó gbóná.