Aṣọ Ìbora Tí Ó Wà Nínú Àpótí
Ọ̀rọ̀ fún àwọn ìyá ilé lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí

Ẹni tí ó bá gba òpópónà márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí ó bá dé Ibafo àti Mowe, kì yóò ṣàì rí àwọn ilé tí a ti bẹ̀rẹ̀ tí a kò tíì parí. Òmíràn ga dé ojú fèrèsé. Òmíràn ti ní òrùlé ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀kùn. Òmíràn sì wà tí koríko ti hù láàárín ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá lọ a máa fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a ń gbé àdúgbò náà kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí a mọ̀ pé olówó oṣù ni ó ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ó ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ní oṣù yìí, tí ó sì ń ra sìmẹ́ńtì díẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀, títí ọjọ́ kan yóò fi pé tí yóò kó ẹrù rẹ̀ wọlé. Ọ̀nà náà pàápàá, tí a ṣí ní ọdún 1978, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 2013, ti kọ́ wa ní sùúrù ju bí ilé ìwé ti lè kọ́ni lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé ni a ń sọ lónìí. Ilé tí a kò parí wà ní gbangba, gbogbo ayé ni ó ń rí i, ojú a sì máa ti ẹni tí ó ni ín títí yóò fi wá nǹkan ṣe sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò parí wà lábẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tí ó rí i bí kò ṣe ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Kí ìyá tí ń ka ìwé yìí dìde lọ wo àpótí rẹ̀. Bóyá yóò bá aṣọ tábìlì tí a ti ṣe ọnà sí igun méjì rẹ̀, tí igun méjì yòókù sì wà ní òfìfo. Tàbí súẹ́tà ọmọdé tí a kò hun apá rẹ̀, tí ọmọ náà sì ti wọ ilé ìwé gíga. Tàbí, èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ, àpò ńlá kan tí ó kún fún ìgékù àǹkárá àti gínnì, tí a ti pinnu ní ọjọ́ kan pé a ó fi rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀.

Aṣọ ìbora alábùlẹ̀ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní kúìlìtì. A óò gé aṣọ oríṣiríṣi sí wẹ́wẹ́, a óò rán wọn pọ̀ di ègé onígun mẹ́rin, a óò sì so àwọn ègé náà pọ̀ di ojú aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi òwú tàbí aṣọ tí ó nípọn sí àárín, a ó fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ̀yìn, a ó sì gún abẹ́rẹ́ la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí wọn má baà yẹ̀ lára ara wọn. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀. Gígùn ni ó gùn, gígùn náà ni ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé iṣẹ́ àjèjì ni èyí, tí kò bá ara wa mu. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn kì í hun odindi aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ìnṣì mẹ́rin, ni ó ń hun. Nígbà tí ó bá hun ún tán, a ó gé e, a ó sì rán an ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ náà kì í wo gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí ọ̀kan, kí ó tó kọjá sí èkejì. Àní ẹ̀wù eégún àwọn baba wa, tí ọ̀pọ̀ nínú ilé wa kò bá lọ́wọ́ sí mọ́, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀ ni, tí ìdílé ń fi aṣọ tuntun kún láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà ọgbọ́n ègé kan lẹ́yìn ègé kan kì í ṣe ohun tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Láíbéríà, ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Martha Ann Ricks. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní Tennessee ní Amẹ́ríkà. Baba rẹ̀ ra òmìnira fún ìdílé rẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wá sí Láíbéríà ní ọdún 1830, nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń fẹ́ rí Ọbabìnrin Victoria, nítorí ìjà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn tí ń kó ẹrú lórí òkun jà. Ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún èyí tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ó sì rán aṣọ ìbora kan, tí ó fi igi kọfí hàn lára rẹ̀, pẹ̀lú ewé tútù àti èso pupa, ewé kan lẹ́yìn ewé kan. Ní oṣù Júláì ọdún 1892, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, a mú un wọ ààfin Windsor, ó sì rí Ọbabìnrin náà lójúkojú. Edward Blyden, tí ó jẹ́ aṣojú Láíbéríà ní Lọ́ńdọ́nù, ni ó bá a ṣe ètò náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a pàtẹ aṣọ rẹ̀ níbi àfihàn ńlá ti gbogbo ayé ní Chicago.

Òmíràn ni Harriet Powers, tí a bí sínú ẹrú ní Georgia ní ọdún 1837. Ó fi àbùlẹ̀ rán ìtàn Bíbélì sí ara aṣọ: Ádámù àti Éfà nínú ọgbà, Kéènì àti Ébẹ́lì, àlá Jákọ́bù, ìrìbọmi Olúwa wa àti ikú rẹ̀ lórí àgbélébùú. Olùkọ́ kan rí aṣọ náà ní ọdún 1886, ó sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Harriet kò tà á. Nígbà tí àìní dé sí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó béèrè dọ́là 10, dọ́là 5 ni a sì san fún un. Lónìí aṣọ náà wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Bí ó bá ti fi í sílẹ̀ ní ìdajì nínú àpótí, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá jẹ́wọ́ tiwa. Ìyá wa ń gbé ní Ifọ̀, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti yà sí Ìlaròó. Nígbà tí baba wa kú, ìyá wa kó aṣọ rẹ̀ jọ: àdìrẹ méjì, gínnì funfun tí ó ń wọ̀ lọ sí ilé ìsìn, àti káákì iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti ṣá. Ó gé wọn, ó sì pinnu láti rán ègé 56, méje ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ó rán 23, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Ó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ó gbé e wá bá wa ní Mowe, ó sì wí pé, "Ọmọ mi, bá mi parí rẹ̀ kí n tó lọ bá bàbá rẹ." A dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ má ṣe ìyọnu, kí Kérésìmesì tó dé ni."

Kérésìmesì mẹ́sàn-án ni ó kọjá. Kì í ṣe pé a kọ̀. Ìdájí ni a ń jáde lọ sí Èkó, òru ni a sì ń wọlé. Ọjọ́ Sátidé jẹ́ ti aṣọ fífọ̀ àti òde ṣíṣe. A ń sọ fún ara wa pé nígbà tí a bá gba ìsinmi, a ó jókòó, a ó sì rán an tán. Ìsinmi dé, ó sì lọ. Nígbà tí ó pẹ́, a kò fẹ́ rí àpò náà mọ́, nítorí ìgbàkúgbà tí ojú wa bá kàn án ni ó ń bá wa wí.

Ní ọjọ́ Àjíǹde kan, ìyá wa wá kí wa. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ nígbà náà. Kò béèrè aṣọ náà. Ó kàn ní kí ọmọ wa kékeré bá òun gbé àpò náà wá. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó wá káákì náà kàn, ó mú un dání, kò sì sọ ohunkóhun títí a fi pè é síbi oúnjẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a da àpò náà sílẹ̀, a sì kà á. Ègé 33 ni ó kù. A rán ọ̀kan láti mọ bí yóò ti pẹ́ tó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni. A ṣe ìṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 40 ní ọ̀nà 33 jẹ́ wákàtí 22. Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a ti ń sá fún láti ọdún mẹ́sàn-án kò tó ọ̀sán kan àti òru kan! Ojú tì wá púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wa fúyẹ́ pẹ̀lú. A pinnu ègé kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ní alẹ́ mẹ́rin. Àìsàn ọmọ gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ wa, a kò sì sáré láti san án padà. A kàn tẹ̀ síwájú láti ibi tí a dé ni. Oṣù Jánúárì ni ègé tí ó kẹ́yìn parí. A fi àkókò tí ó kù so wọ́n pọ̀, a sì tẹ́ ẹ̀yìn wọn.

A ṣe àṣìṣe kan tí a gbọ́dọ̀ sọ. A kò fọ àdìrẹ náà kí a tó rán an mọ́ gínnì funfun. Nígbà tí a fọ odindi aṣọ, aró jáde, ó sì ba ègé funfun mẹ́ta jẹ́. Ní ọjọ́ Àjíǹde tí ó tẹ̀ lé e, a tẹ́ aṣọ náà sí itan ìyá wa, a sì sọ òtítọ́ fún un nípa àbàwọ́n náà. Ó ń fi ìka tọ ojú rírán láti ègé kan dé èkejì, ó ń sọ èyí tí ó jẹ́ àdìrẹ àti èyí tí ó jẹ́ káákì láìṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá rẹ náà kò wà láìlábàwọ́n." Abẹ́ rẹ̀ ni ó ń sùn títí di òní. Ohun kan ṣoṣo tí ó dùn wá ni pé ojú rẹ̀ ìbá ti rí i, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Nítorí náà ni a ṣe fi ìgboyà gba àwọn ìyá ilé ní ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Ní àkọ́kọ́, da gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ síta, kí o sì kà wọ́n. Kọ wọ́n sínú ìwé, kí o sì kọ ohun tí ó kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kò kà ni ó máa ń tóbi lójú.

Ní èkejì, pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ìwọ yóò parí, èyí tí ìwọ yóò fi fún ẹlòmíràn, àti èyí tí ìwọ yóò tú ká láti lo aṣọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fífi iṣẹ́ kan sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀tàn ni kí a máa wí pé a ó ṣe é nígbà tí a mọ̀ pé a kò ní ṣe é. Nínú àwọn tí o yàn, mú ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní ẹ̀kẹta, gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Di aṣọ ègé kan, òwú rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú àpò kékeré kan, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí àyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá yọ, ìwọ kì yóò máa wá sísọ́ọ̀sì káàkiri ilé. Àwa ti rán ègé kan nínú mọ́tò tí ó dúró sójú kan lórí afárá gígùn tí ó wà ṣáájú Ibafo. Ṣùgbọ́n ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ àpò nígbà tí mọ́tò bá tún gbéra.

Ní ẹ̀kẹrin, fọ gbogbo aṣọ kí o tó gé e, pàápàá àdìrẹ, kí aró rẹ̀ lè jáde tán. Má ṣe fi abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìnnì sílẹ̀ lára iṣẹ́ tí o ń gbé pamọ́, nítorí ìpẹtà rẹ̀ kì í ṣí. Sá aṣọ kí ó gbẹ dáadáa kí o tó dì í, kí ooru àti ọ̀rinrin má baà hu èébu sí i.

Ní ìparí, ìgbàkúgbà tí o bá dáwọ́ dúró, kọ ibi tí o dé sórí ìwé kékeré, kí o sì fi í sí orí iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni a kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé a kò rántí ohun tí ó kàn.

Àwọn àgbà wí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí olówó oṣù ní Mowe ti ń to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ ni kí ìyá ilé máa to ègé lé ègé. Bí ẹnì kan bá wà tí ń dúró de iṣẹ́ tí ó wà nínú àpótí rẹ, má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà ilé, gbé àpò náà jáde, kí o sì ka ohun tí ó kù.