Àtòjọ Tí Ó Gbára Lé Òmíràn: Ọ̀nà Wíwá Ọjà Iṣẹ́-Ọnà Ọ̀yọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìlú Ọ̀yọ́ gbajúmọ̀ fún igbá fínfín, iṣẹ́ awọ àti ìlù. Bí oníṣẹ́-ọnà bá kó ọjà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí i rà, àmì ohùn ni yóò kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tí ó tẹ "igba" lásán lè máa wá igbá, igba, ìgbà, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí ètò náà bá ka àmì sí, kò ní rí igbá kankan. Bí kò bá sì kà á sí, gbogbo wọn ni yóò kó jáde.

Àtòjọ tí oníbàárà yóò ti mú èyí tí ó fẹ́ ni ó ń yanjú èyí. Ẹni tí ó ṣe ètò náà ti fi àmì sí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo (iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an nìyí). Oníbàárà kàn ń tọ́ka ni. Àmọ́ àtòjọ kan ṣoṣo fún gbogbo ọjà yóò gùn jù, nítorí náà ni èkejì fi gbọ́dọ̀ gbára lé èkíní. Bí ènìyàn bá mú "ìlù" nínú èkíní, dùndún àti bàtá nìkan ni èkejì yóò fi hàn. Bí ó bá mú dùndún, ẹ̀kẹta yóò to ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú sílẹ̀.

Nínú àkójọ tí ó wà lẹ́yìn ojú ìwé náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti nọ́ńbà òbí rẹ̀. Bí oníbàárà bá yí èkíní padà, JavaScript yóò pa ohun tí ó wà nínú èkejì àti ẹ̀kẹta rẹ́, yóò sì to àwọn tí nọ́ńbà òbí wọn bá a mu sínú èkejì. Ọ̀pọ̀ ni ó ń gbàgbé ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó kúrò ní ìlù bọ́ sí igbá yóò ṣì ní gúdúgúdú níbẹ̀, ojú ìwé yóò sọ pé kò sí ọjà, bẹ́ẹ̀ igbá kún ṣọ́ọ̀bù bámúbámú.

Nọ́ńbà ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Dùndún ní ìyáàlù, bàtá náà ní in. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí oníbàárà bá ń mú ibi tí wọn yóò gbé ọjà lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìrẹsàadú nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Èkó náà ní Sùúrùlérè. Ètò tí ó gbára lé orúkọ nìkan lè fi ìlù ránṣẹ́ sí Èkó. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ìpínlẹ̀ náà ní, kò sí èyí tí ń jẹ́ Ọ̀yọ́ lásán: Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́ ni ó pín ìlú náà. Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú pín sí Àríwá àti Gúúsù. Oníbàárà mọ ìlú rẹ̀ ju ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó sàn kí àtòjọ ìlú wà láàárín ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀.