Bí Ijó Ballet Ṣe Dé Ajangbadi

Torí àwọn oníjó, olórin àti eléré ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town ní Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n dé sí nígbà àjọ̀dún àṣà ti 1977, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ijó mìíràn fìdí kalẹ̀ nítòsí, àmọ́ ìjọba kankan kò kọ́lé dè é. Ẹni tó bá gba márosẹ̀ Àgbádárìgì láti Festac, tó kọjá Alaba dé Okokomaiko, ó kù díẹ̀ kó dé Ajangbadi. Ibẹ̀ ni Daniel Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní 2017.

Fíìmù Amẹ́ríkà kan, Save the Last Dance, ló gbin ballet sí i lọ́kàn. Kò rí olùkọ́. Orí YouTube àti inú ìwé ló ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, torí ballet kì í ṣe ohun tí ojú nìkan ń kọ́. Bí ẹgbẹ́ tuntun bá fẹ́ gbé ijó ẹlẹ́ni méjì inú Giselle, tí wọ́n kọ́kọ́ jó ní Paris ní 1841, padà sórí ìtàgé, ẹni tó ti jó o rí ni wọ́n sábà máa ń pè. Onítọ̀hún á di ọmọbìnrin náà ní ìbàdí mú, á yí èjìká rẹ̀ díẹ̀, á sì fi ibi tí ọwọ́ ọkùnrin ń gbà gbé e hàn wọ́n. Fídíò kì í di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú.

Síbẹ̀, Ajala kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan kọminú: ṣé ijó ọmọlúàbí lèyí? Ṣé ó bá ẹ̀sìn Kristẹni mu? Òbí tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Ní oṣù kẹfà 2020, Anthony Madu, ọmọ ọdún 11 tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ajala, jó nínú òjò. Kò wọ bàtà. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń yọ̀, omi ti dárogún, ọmọ náà sì ń fi ẹsẹ̀ kan yí bírí. Àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ló wo fídíò náà. Cynthia Harvey, àgbà oníjó tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ American Ballet Theatre ní New York nígbà náà, rí i, ó sì wá bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, Madu wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham, níbi tí olùkọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Fíìmù tó sọ ìtàn rẹ̀ jáde lórí Disney+ ní 2024.

Òjò yẹn làwọn èèyàn ń rántí. Ṣùgbọ́n kó tó rọ̀, Ajala ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ajangbadi fún ohun tó lé ní ọdún méjì.