Àwọn Oníbodè Inú Ìfun

Ẹni tí ó bá ti gba Ìdìrókò kọjá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹrù ni àwọn oníbodè ń jẹ́ kí ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ẹlẹ́dàá fi ẹ̀ṣọ́ sí inú wa.

Omi kíkan inú agbẹ̀du ni ó kọ́kọ́ ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Èyí tí ó bá yè bọ́ yóò bá omi yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá pàdé lára ògiri ìfun. Nínú rẹ̀ ni ohun ìjà kéékèèké wà, tí ń so mọ́ kòkòrò kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ògiri. Nínú ọmú ìyá ni ọmọ ọwọ́ ti ń rí irú ohun ìjà yìí gbà.

Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá pọ̀ jù, agbára oníbodè a pin. Kòkòrò onígbáméjì, tí ó wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970, kì í wó ògiri. Oró rẹ̀ ni ó ń mú kí ìfun tú omi ara jáde, tí aláìsàn fi lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Ìlaró àti Ayétòrò, a bẹ̀ yín, ẹ máa se omi kànga àti omi odò kí ẹ tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà, ní ìwọ̀n dọ́gba-etí, sínú omi mímọ́ lítà 1. Ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe di ẹrù tí ó ju agbára wọn lọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbodè yín.