Bí ẹ̀rọ sẹ́ńsọ̀ ṣe ń kọ́ awakọ̀ onígbòkun ní ìgbà tó yẹ kó dẹ okùn

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba orí ọ̀sà Nokoué kọjá rí, ẹ ti rí àwọn apẹja tó ń ta aṣọ sórí ọkọ̀ wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé wọn lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, apẹja á fa okùn tàbí kó dẹ̀ ẹ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí gan-an ni àwọn eléré ìdárayá ń fi ẹ̀rọ kọ́ báyìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Paris, Marseille ni wọ́n ti fi ọkọ̀ onígbòkun díje. Matt Wearn, ọmọ Ọsirélíà, ló gba wúrà àwọn ọkùnrin nínú ọkọ̀ ILCA 7, bó ṣe gbà á ní Tokyo ní 2021. Marit Bouwmeester, ọmọ Nẹ́dálándì, gba ti àwọn obìnrin nínú ILCA 6. Ọkọ̀ yìí gùn díẹ̀ ju mítà 4 lọ, ẹnì kan ló ń wà á, ìgbòkun kan ló ní. Nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wà, nítorí náà ọwọ́ tó di okùn mú ló ń ṣe ìyàtọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ìgbòkun ń ṣiṣẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, afẹ́fẹ́ á máa ṣàn lójú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ń lẹ fọ́nrán òwú mọ́ ojú méjèèjì kí wọ́n lè rí bó ṣe ń ṣàn. Bí òwú méjèèjì bá nà gbọọrọ sẹ́yìn, ó dára. Bí èyí tó kọjú sí afẹ́fẹ́ bá ń jó, ìgbòkun ti dẹ̀ jù. Bí ti ẹ̀yìn bá rọ, wọ́n ti fà á le jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n fa ìgbòkun rẹ̀ le jù á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fẹ́ yí orí sí afẹ́fẹ́. Awakọ̀ á fi ìtọ́kọ̀ fà á padà, ìtọ́kọ̀ náà á wá di bíréèkì. Lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀, eré ń pọ̀ sí i ni, torí okùn le lọ́wọ́, omi sì ń ta sí i lójú. Irọ́ ni.

Ẹ̀rọ sẹ́ńsọ̀ kì í gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú fóònù tó wà lápò wa. Òun ló ń mọ̀ pé a ti dá fóònù dùbúlẹ̀ tí àwòrán fi ń yí. Ọ̀kan ń ka bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ tó, GPS ń ka eré, òmíràn tó so mọ́ okùn ń wọn bí a ṣe fà á tó, bí òṣùwọ̀n alápatà. Ti afẹ́fẹ́ ló le jù. Ẹni tó wà lẹ́yìn zemidjan mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú lójú kódà bí ewé kan ò mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré ọkọ̀ ń dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Bí eré bá sì pọ̀ sí i, ṣé okùn ló ṣe é ni, àbí afẹ́fẹ́ ló le sí i? Kí wọ́n lè mọ̀, ọkọ̀ méjì á máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ò ní yí ohunkóhun padà. Èkejì á dẹ okùn díẹ̀, ohun kan ṣoṣo náà ni á yí. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ ìdíje, òfin ILCA kò gba ẹ̀rọ tó ń wọn okùn tàbí èyí tó ń ka afẹ́fẹ́ láàyè. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti kọ́ ara nìkan ni awakọ̀ ń gbé wọ omi. Inú wa dùn sí òfin yìí, ṣùgbọ́n kò mú ìrẹ́jẹ kúrò pátápátá: orílẹ̀-èdè tó lè ra ọkọ̀ méjì, ẹ̀rọ, àti ẹni tí yóò túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, ti ṣáájú kí wọ́n tó fọn fèrè. Àwa náà ní omi létí ilé, a ní afẹ́fẹ́, a sì ní ọwọ́ tó mọ okùn.

Fóònù kan nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, tí wọ́n dè mọ́ ìdí òpó, lè ka eré àti bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀. Fọ́nrán òwú ò sì tó nǹkan lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn tààrà, òwú náà kò ní sọ ohun púpọ̀. Ojú apẹja ló kù.